Kọ́ọ̀bù, ṣíbí, kóńgò: bẹ́ ẹ ṣe máa yí wọn sí gíráàmù láìba kéèkì jẹ́

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nínú résípì orí fóònù ni pé ẹni tó kọ ọ́ wà ní Amẹ́ríkà, kọ́ọ̀bù ló ń sọ, ẹlòmíì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, gíráàmù ni tiẹ̀, màmá yín nílé náà ní kẹ́ ẹ bu ìdajì kóńgò ẹ̀wà kẹ́ ẹ da òróró díẹ̀ sí i. Ẹ wá lọ tẹ̀ ẹ́ sí Google pé kọ́ọ̀bù kan jẹ́ gíráàmù mélòó, ó ní 240, ẹ wọn fúláwà 240 fún kọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, kéèkì jáde, ó le bí òkúta. Google ò parọ́ o. Omi lòun ń sọ, ẹ̀yin ni ẹ ò sọ fún un pé fúláwà lẹ fẹ́ wọ̀n.

Kọ́ọ̀bù, ṣíbí, kóńgò àti lítà, bí nǹkan ṣe gba àyè tó ni wọ́n ń sọ. Gíráàmù àti kílò ń sọ bó ṣe wúwo tó. Kọ́ọ̀bù kan náà, tẹ́ ẹ bá rọ oyin kún un, ó máa tó nǹkan bí 340 gíráàmù, tẹ́ ẹ bá da oyin yẹn nù tẹ́ ẹ bu páúdà kòkó kún un, bóyá 85 péré lẹ máa rí. Torí náà kò sí nọ́ńbà kan tó lè yí gbogbo kọ́ọ̀bù sí gíráàmù, ẹ gbọ́dọ̀ mọ nǹkan méjì: kọ́ọ̀bù wo ni, kí ló sì wà nínú ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, orí méjì yẹn ló dá lé.

Kó tó di pé a bẹ̀rẹ̀, ẹ má wọn ọbẹ̀ o. Ẹ̀fọ́ rírò, ẹ̀gúsí, ata dídín, ojú àti ahọ́n ló ń wọn ìyẹn, kò sí ẹni tó ń fi gíráàmù wọn ata rodo àfi ẹni tó ń dáná tà tó fẹ́ mọ iye owó tó ń ná sórí abọ́ kan. Ibi tí ìwọ̀n ti ṣe pàtàkì gan-an ni kéèkì, búrẹ́dì, chin-chin, pọ́fù-pọ́fù, gbogbo nǹkan tí fúláwà bá wà nínú ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ti tì í wọ iná tàbí tẹ́ ẹ jù ú sínú òróró, kò tún sí pé ẹ ń tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ fi nǹkan kún un mọ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ kọ́ọ̀bù tí ẹni tó kọ résípì ní lọ́kàn

Kọ́ọ̀bù àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ́ mílílítà 237, lára páálí oúnjẹ wọn, 240 ni wọ́n máa ń kà á sí. Ti àwọn ará Ọsirélíà jẹ́ 250, ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀bù oníke tí wọ́n ń tà lọ́jà wa náà, tẹ́ ẹ bá wo ìdí ẹ̀ dáadáa, 250 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nínú kọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ìyàtọ̀ yẹn ò jẹ́ nǹkan kan, àmọ́ tí résípì bá gba kọ́ọ̀bù mẹ́fà, ẹ ti fi nǹkan bí ìdámẹ́ta kọ́ọ̀bù kún un láìmọ̀. Èyí tó burú jù ni kọ́ọ̀bù tíì tó wà nílé, òmíràn gba 300, òmíràn gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, èèyàn á kàn bù ú, á ní ṣebí wọ́n ní kọ́ọ̀bù kan.

Agolo mílíìkì tí àwọn ọlọ́jà fi ń wọn ẹ̀wà àti ìrẹsì, àwọn èèyàn wa ń pe ìyẹn náà ní kọ́ọ̀bù, kò sì pé mílílítà 200. Tí aládùúgbò yín bá ní kọ́ọ̀bù fúláwà mẹ́rin lòun fi ṣe chin-chin òun, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà àbí agolo mílíìkì.

Ṣíbí náà ńkọ́? Ṣíbí ńlá inú résípì jẹ́ mílílítà 15, ṣíbí tíì jẹ́ 5, ìyẹn ni pé ṣíbí tíì mẹ́ta ló wà nínú ṣíbí ńlá kan, ṣíbí ńlá mẹ́rìndínlógún ló wà nínú kọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà kan. (Àwọn ará Ọsirélíà tún ń ṣe tara wọn, ṣíbí ńlá tiwọn jẹ́ 20.) Ṣíbí tẹ́ ẹ fi ń jẹ ìrẹsì ò sí nínú ìṣirò yìí o, bó ṣe wu ẹni tó rọ ọ́ ló ṣe rọ ọ́. Ẹ lọ ra ṣíbí ìwọ̀n tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra yẹn, kò wọ́n.

Ọfà tó tún ń ba èèyàn ni áwúǹsì. Wọ́n máa ń kọ ọ́ báyìí: oz. Tó bá jẹ́ oz lásán, ìwúwo ni, ọ̀kan jẹ́ 28 gíráàmù àti díẹ̀, mẹ́rìndínlógún ẹ̀ sì ni pọ́ùn kan, ìyẹn 454 gíráàmù. Àmọ́ tí wọ́n bá kọ fl oz, nǹkan olómi ni, bí nǹkan ṣe gba àyè tó ni, ọ̀kan sún mọ́ mílílítà 30. Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá dà wọ́n pọ̀: 8 oz fúláwà jẹ́ 227 gíráàmù, ṣùgbọ́n 8 fl oz ni kọ́ọ̀bù kan, fúláwà kọ́ọ̀bù kan ò sì ju 120 sí 125 lọ. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nìyẹn. Páìntì náà, bẹ́ẹ̀ ló rí, ti ìlú ọba jẹ́ mílílítà 568, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 473, torí náà ẹ wo ibi tí ẹni tó kọ résípì ti wá kẹ́ ẹ tó da mílíìkì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi omi dán kọ́ọ̀bù yín wò

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀ torí kò náni ní nǹkan kan. Omi mílílítà kan wúwo gíráàmù kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ gbé kọ́ọ̀bù tó ṣófo sórí síkéèlì, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó máa sọ ọ́ di òdo, ẹ wá rọ omi kún un dé ẹnu. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá rí, iye mílílítà tí kọ́ọ̀bù yẹn gbà nìyẹn. Ẹ fi máàkà kọ ọ́ sí ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ má baà tún wọ̀n ọ́n lọ́la.

Tẹ́ ò bá ní síkéèlì, ìgò omi 75cl (mílílítà 750) tẹ́ ẹ rà ní kíóòsì ti tó. Ẹ máa rọ omi inú ẹ̀ sínú agolo tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀, kẹ́ ẹ máa kà á. Ká sọ pé ó kún agolo mílíìkì mẹ́rin, èyí tó kù wá dé ìdajì ìkarùn-ún, 750 ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin àbọ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 167. Agolo yín nìyẹn. Dẹ̀ríkà, kóńgò, ike kọ́stáàdì, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ṣe é, fún èyí tó tóbi ẹ lo ìgò lítà kan àbọ̀ kó má baà di pé ẹ ń kà á títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìgbésẹ̀ 3: Síkéèlì

Síkéèlì ilé ìdáná tó ń lo bátìrì ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó lè gbé kílò márùn-ún tó sì ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní ọwọ́ bíi ti aago yẹn, tó jẹ́ pé ìlà kan sí èkejì jẹ́ 25 tàbí 50 gíráàmù, ó dáa fún ẹran, kò dáa fún kéèkì. Orí nǹkan tó le tó sì tẹ́jú ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kì í ṣe orí aṣọ tábìlì tó nípọn, kì í sì í ṣe abẹ́ fáànù tó ń fẹ́ gidi gan-an torí ẹ̀ẹ́ rí i tí nọ́ńbà á máa jó. Tí bátìrì bá ti ń kú, á bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́. Ẹ máa fi páálí ṣúgà kílò kan tẹ́ ẹ ò tíì ṣí yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá gbé 1,005 tàbí 1,010 wá, kò burú, ọ̀rá ẹ̀ náà wúwo díẹ̀. Tó bá gbé 940 wá, ẹ pààrọ̀ bátìrì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó ta ṣúgà.

Bọ́tìnnì òdo yẹn ni ìgbádùn síkéèlì. Ẹ gbé abọ́ sórí ẹ̀, ẹ tẹ òdo, ẹ da fúláwà, ẹ tún tẹ òdo, ẹ da ṣúgà, ẹ tún tẹ òdo, ẹ da mílíìkì. Abọ́ kan ṣoṣo lẹ máa fọ̀. Fún nǹkan tó ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí, bí oyin, ìgò oyin fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé sórí síkéèlì kẹ́ ẹ tẹ òdo, bẹ́ ẹ bá ṣe ń bù ú kúrò lá máa fi àmì ìyọkúrò sọ iye tẹ́ ẹ ti bù fún yín.

Ẹ ṣọ́ra fún ibi tí wọ́n kọ ml sí lára síkéèlì yẹn. Síkéèlì ò lè mọ ohun tó wà nínú abọ́ yín, ńṣe ló kàn gbà pé omi ni. Òróró fúyẹ́ ju omi lọ, òróró mílílítà 100 ò ju nǹkan bí 92 gíráàmù lọ, epo pupa náà ò jìnnà síyẹn. Tẹ́ ẹ bá wọn òróró títí tí síkéèlì fi sọ pé 100 ml, ẹ ti dà á jù.

Ohun tó kéré ju gíráàmù márùn-ún lọ, ẹ jẹ́ kí ṣíbí wọ̀n ọ́n. Síkéèlì ilé ìdáná ò rí iyọ̀ gíráàmù méjì dáadáa, ẹ lè máa wọ́n iyọ̀ sí i kó máa wò yín, kó tó ní òun rí i ẹ ti dà á kọjá.

Ìgbésẹ̀ 4: Bẹ́ ẹ ṣe ń bu fúláwà

Ibí ni wàhálà wà jù. Fúláwà máa ń kì mọ́ra nínú àpò, pàápàá èyí tí wọ́n ti to nǹkan míì lé lórí ní ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́ ẹ bá ki kọ́ọ̀bù bọ inú àpò tẹ́ ẹ fi gbé e jáde, kọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà kan lè wúwo tó 150. Tẹ́ ẹ bá wá gbọn kọ́ọ̀bù yẹn tàbí tẹ́ ẹ gbá a mọ́lẹ̀ kó lè tẹ́jú, ó tún ń pọ̀ sí i ni.

Báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ fi fọ́ọ̀kì tàbí ṣíbí rú fúláwà inú ike yẹn kó dìde. Ẹ fi ṣíbí bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù títí táá fi ga ju ẹnu kọ́ọ̀bù lọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gbọn kọ́ọ̀bù. Ẹ wá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ẹ̀ kúrò gbọrọgbọrọ láti etí kan dé èkejì, kí èyí tó ṣẹ́kù já bọ́ padà sínú ike. Ìyẹn ló máa ń wá sí 120 sí 125. Fúláwà tẹ́ ẹ ti jọ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà tí résípì bá ní kẹ́ ẹ jọ kọ́ọ̀bù méjì, ẹ wò ó bóyá kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n ni kẹ́ ẹ jọ ọ́ àbí lẹ́yìn tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n tán.

Ká fi pọ́fù-pọ́fù ṣe àpẹẹrẹ. Résípì ní kọ́ọ̀bù fúláwà mẹ́ta, ìdajì kọ́ọ̀bù ṣúgà, kọ́ọ̀bù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan àbọ̀, yíìsì ṣíbí tíì méjì àti ìdámẹ́rin, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ní gíráàmù, fúláwà 360, ṣúgà 100, omi 355, yíìsì 7, iyọ̀ 3. Tẹ́ ẹ bá ki kọ́ọ̀bù bọ inú àpò lẹ́ẹ̀mẹta, fúláwà yín ti di 450, ìyẹn ni pé kọ́ọ̀bù mẹ́ta ti di mẹ́ta àti ìdámẹ́ta-nínú-mẹ́rin, omi ò sì kúrò níye tó wà. Àpòpọ̀ yẹn á kì, ọwọ́ ò ní lè fún un bọ́ sínú òróró kó já ní róbótó, á máa yọ ìrù, inú á sì dì pọ̀. Àwọn èèyàn á ní yíìsì ò dáa. Yíìsì kẹ̀!

Ìgbésẹ̀ 5: Àwọn nọ́ńbà

Kọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà kan, tó kún tó sì tẹ́jú lórí, nǹkan bí iye gíráàmù tó jẹ́ nìyí:

Omi, 237
Mílíìkì olómi, 245
Òróró, 215 sí 218
Bọ́tà, 227
Oyin, 340
Fúláwà, 120 sí 125
Ṣúgà funfun, 200
Ṣúgà pupa tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú kọ́ọ̀bù, 215
Ṣúgà lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi ń ṣe icing orí kéèkì, 120
Páúdà kòkó, 85
Ìrẹsì tútù, 185 sí 200
Ẹ̀pà tí wọ́n ti bó, nǹkan bí 145

Tó bá jẹ́ kọ́ọ̀bù 250 lẹ ní, ẹ fi nǹkan bí ìdá kan nínú ogún kún un. Mi ò kọ gàrí, ẹ̀lùbọ́, ẹ̀gúsí lílọ̀ àti ògì síbẹ̀, kì í ṣe pé mo gbàgbé. Gàrí Ìjẹ̀bú tó gbẹ tó sì wẹ́wẹ́, àti gàrí pupa tó ṣì ní ọ̀rinrin díẹ̀ lára, wọn ò lè wọn bákan náà láéláé, ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n jọ àti èyí tí wọn ò jọ náà ò rí bákan náà. Àwọn wọ̀nyẹn, tiyín tó wà nílé ni kẹ́ ẹ wọ̀n: ẹ bu kọ́ọ̀bù kan lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kọ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi ọ̀nà mẹ́ta pín àpapọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yí oníbàárà padà, ẹ tún un wọ̀n.

Àwọn kékeré: iyọ̀ lẹ́búlẹ́bú ṣíbí tíì kan jẹ́ 6 gíráàmù, yíìsì gbígbẹ jẹ́ 3, baking powder wà láàárín 4 sí 5. Ọ̀rá yíìsì kékeré tí wọ́n ń tà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà jẹ́ 7 gíráàmù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà níbí tóbi jù bẹ́ẹ̀, ẹ ka ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó da odindi sí i. Iyọ̀ náà ní wàhálà tiẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń kọ kosher salt, iyọ̀ oníwóró ńlá ni, oríṣi kan nínú ẹ̀ ò tó 3 gíráàmù nínú ṣíbí tíì kan. Tẹ́ ẹ bá fi iyọ̀ tiwa rọ́pò ẹ̀ ní ṣíbí sí ṣíbí, ẹnikẹ́ni ò ní lè jẹ ẹ́. Ẹ dín in sí ìdajì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò.

Ẹyin: tí wọ́n bá kọ ẹyin ńlá kan sínú résípì Amẹ́ríkà, 50 gíráàmù láìsí èèpo ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹyin tí wọ́n ń tà ní kíréètì níbí, òmíràn tóbi, òmíràn kéré bí nǹkan míì, torí náà ẹ fọ́ ọ sínú abọ́ lórí síkéèlì títí ó fi pé.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìṣirò, lọ àti bọ̀

Láti kọ́ọ̀bù sí gíráàmù, ẹ fi iye kọ́ọ̀bù sọ iye gíráàmù kọ́ọ̀bù kan di púpọ̀. Kọ́ọ̀bù ṣúgà kan àti ìdámẹ́rin, 1.25 lọ́nà 200, ó jẹ́ 250. Láti gíráàmù sí kọ́ọ̀bù, ẹ pín in. Fúláwà 500, ẹ fi 120 pín in, kọ́ọ̀bù mẹ́rin, ó ku 20 gíráàmù. Ṣíbí ńlá fúláwà kan jẹ́ 7 àbọ̀, torí náà ẹ fi ṣíbí ńlá méjì àbọ̀ sí i, ó ti tó.

Ẹ jẹ́ ká lo kéèkì ìlú ọba tí gbogbo èèyàn mọ̀ yẹn, èyí tí bọ́tà, ṣúgà àti fúláwà ẹ̀ dọ́gba, 225 gíráàmù lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹyin mẹ́rin. Tó bá jẹ́ kọ́ọ̀bù lẹ ní, bọ́tà jẹ́ kọ́ọ̀bù kan gẹ́lẹ́, ṣúgà jẹ́ kọ́ọ̀bù kan àti ṣíbí ńlá méjì, fúláwà jẹ́ kọ́ọ̀bù méjì dín ṣíbí ńlá méjì. Ìwúwo kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o, ẹ wo bí wọ́n ṣe rí nínú kọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá bu kọ́ọ̀bù kan kan fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta torí pé wọ́n ní wọ́n dọ́gba, òróró bọ́tà á máa ṣàn jáde lára kéèkì yẹn.

Èèyàn tiẹ̀ lè ṣe é láìka nọ́ńbà kankan. Ẹ gbé ẹyin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú èèpo sórí síkéèlì, iye tó bá jẹ́ ni kẹ́ ẹ fi wọn bọ́tà, ṣúgà àti fúláwà. Ẹyin kéré tàbí ó tóbi, gbogbo ẹ̀ á bá ara mu. Fún ẹyin tiwa yìí, ọ̀nà yẹn ni mo fara mọ́ jù.

Bọ́tà: àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sọ pé stick kan, 113 gíráàmù ni, ìdajì kọ́ọ̀bù. Bọ́tà tí wọ́n wé sínú bébà tó ń dán, 250 gíráàmù, sábà máa ń ní ìlà lára bébà yẹn, ẹ gé e níbi tí ìlà wà. Tí kò bá sí síkéèlì tí kò sí ìlà, ẹ rọ omi tútù sínú kọ́ọ̀bù ìwọ̀n dé ìdajì, ẹ máa gé bọ́tà sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ tì í mọ́lẹ̀ kó rì, títí omi fi dé ẹnu ìlà kọ́ọ̀bù kan. Ẹ da omi nù, ìdajì kọ́ọ̀bù bọ́tà ló wà lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ 7: Kóńgò àti ọjà

Ẹni tó bá ti dúró síwájú ìyá oníẹ̀wà ní Bódìjà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á bu ẹ̀wà kún kóńgò, wọ́n á fi ọwọ́ òsì yí ẹnu ẹ̀ ká bíi pé wọ́n ń ṣọgbà fún un, wọ́n á máa fi ọwọ́ ọ̀tún da ẹ̀wà sí i lókè kó lè ga gogoro, wọ́n á tún wá fi èènì ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Gogoro yẹn àti èènì yẹn, kì í ṣe nǹkan kékeré tẹ́ ẹ bá gbé e sórí síkéèlì. Kóńgò ẹlòmíì wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi òòlù ti ìdí ẹ̀ wọnú, gogoro orí ẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ inú ti lọ.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ fún yín pé kóńgò ìrẹsì kan jẹ́ iye báyìí pàtó. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni kílò kan àbọ̀, kò jìnnà sóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló ń wà. Ẹ ra kóńgò kan lọ́wọ́ oníbàárà yín, ẹ gbé e délé, ẹ wọ̀n ọ́n. Ká sọ pé ó jẹ́ kílò 1.45, ẹ sì rà á ní 2,400 náírà, ẹ fi 1.45 pín 2,400, kílò kan jẹ́ nǹkan bí 1,655. Tí ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà ládùúgbò bá ń ta kílò kan tí wọ́n ti dì ní 1,600, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa lọ. Àwọn tó ń dáná tà, ìṣirò yìí ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá iye lé kúlà ìrẹsì kan.

Kóńgò gàrí ò lè wúwo tó kóńgò ìrẹsì. Ẹ má sì lo iye ti ẹ̀wà fún ẹ̀lùbọ́, ẹ̀lùbọ́ máa ń ga lórí kóńgò gan-an torí pé ó lẹ́búlẹ́bú, ó rọrùn láti to, ojú á rí i pé ó pọ̀, síkéèlì á ní rárá.

Ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín ní ìbéèrè tiẹ̀: gbígbẹ àbí rírẹ? Ẹ̀wà tó bá ti mu omi yó máa ń wúwo tó ìlọ́po méjì ìgbà tó gbẹ, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀. Tí résípì bá ní ẹ̀wà 500 gíráàmù tí ẹ lọ wọn 500 lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti rẹ ẹ́ tẹ́ ẹ ti bó o, ata àti òróró á pọ̀ jù fún un.

Tí kò bá sí síkéèlì rárá

Ẹ lo nǹkan tí wọ́n ti dì. Ẹ ra fúláwà kílò kan, ẹ bù ú tán pẹ̀lú kọ́ọ̀bù yín bí mo ṣe ṣàlàyé lókè, ẹ máa kà á. Tó bá jẹ́ kọ́ọ̀bù mẹ́jọ, kọ́ọ̀bù kan jẹ́ 125. Tó bá jẹ́ mẹ́fà àbọ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 154, yálà kọ́ọ̀bù yín tóbi tàbí ọwọ́ yín wúwo. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ṣe ṣúgà, iyọ̀, sẹ̀mó, gbogbo nǹkan tí wọ́n bá ti kọ iye ẹ̀ sára ọ̀rá.

Òmíràn ni igi ìkọ́ṣọ. Ẹ so ọ̀rá kan mọ́ apá kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e kọ́ sórí ìṣó kó lè máa yí fàlàlà, ẹ fi páálí spaghetti 500 gíráàmù sí apá kan, ẹ máa da ẹ̀wà sí apá kejì títí igi á fi dúró gbọọrọ. Píọ̀ wọ́tà ọ̀rá kan náà yẹ kó jẹ́ 500, àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló kún, spaghetti dára jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun

Résípì tẹ́ ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ màmá yín ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ẹ má wulẹ̀ bèèrè gíráàmù lọ́wọ́ wọn, ẹ̀ẹ́ kàn jọ máa pariwo mọ́ra lórí fóònù ni. Nǹkan mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi wọ́n: kí ni wọ́n fi ń bù ú, ìgò omi 75cl mélòó ló ń kún un, ṣé ó ga gogoro ni àbí ó tẹ́jú. Tí wọ́n bá ní ìdajì kóńgò, tí kóńgò wọn sì gba ìgò méjì àbọ̀, mílílítà 1,875 ni odindi, ìdajì ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 940, kọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà mẹ́rin dín díẹ̀ ni. Ẹ bu iye yẹn nílé tiyín lẹ́ẹ̀kan, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ gíráàmù ẹ̀ sílẹ̀, láti ọjọ́ yẹn lọ ẹ ò nílò kóńgò mọ́.

Tó bá wá jẹ́ irú màmá tó máa ní "ṣá bù ú títí táá fi tó" ni wọ́n, ẹ rán síkéèlì kan sí wọn nílé, kí àbúrò yín gbé abọ́ wọn lé e lórí kó tẹ òdo, kó wá mú fóònù dání láìgbọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń bù ú.